Ta Ni Ó Ni Fíìmù? Ẹjọ́ Valdís Óskarsdóttir, Olótùú Fíìmù

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Kò sí iṣẹ́ ọnà kan tí òwe yìí bá mu bí iṣẹ́ fíìmù, síbẹ̀ kò sí iṣẹ́ ọnà kan tí àwọn onílámèyítọ́ rẹ̀ gbàgbé òwe náà tó bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn bá ṣí ìwé tí a kọ lórí fíìmù, yálà ti ilẹ̀ Faransé tàbí ti Amẹ́ríkà, orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni yóò máa bá pàdé láti ojú ewé kan dé òmíràn: orúkọ olùdarí. Wọn a ní "fíìmù Vinterberg", wọn a ní "fíìmù Gondry", bí ẹni pé ọkùnrin kan ṣoṣo ni ó gbin iṣu, tí ó wà á, tí ó gún un, tí ó sì gbé e ka iwájú àlejò.

Àríyànjiyàn ni a gbé wá, a kò sì ní fi bò. Ohun tí a ń sọ ni pé ìwà àìdáa ni àṣà yìí, àti pé lámèyítọ́ tí ó bá ń tẹ̀ lé e kò lè rí iṣẹ́ tí ó wà níwájú rẹ̀ dáadáa. Ẹlẹ́rìí tí a ó pè ni obìnrin kan láti ilẹ̀ Áísílándì, Valdís Óskarsdóttir, olótùú fíìmù.

Ìpilẹ̀ Àṣà Náà

Kí a tó bá àṣà kan wí, ó yẹ kí a mọ ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1954, François Truffaut, tí ó jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin nígbà náà, kọ àpilẹ̀kọ kan nínú ìwé ìròyìn Cahiers du cinéma ní ilẹ̀ Faransé. Ó bá àwọn fíìmù ìgbà náà wí pé ọwọ́ òǹkọ̀wé ni wọ́n wà, pé olùdarí kàn ń fi àwòrán sí ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn ti kọ tán ni. Láti inú irú èrò bẹ́ẹ̀ ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo olùdarí gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé fíìmù gan-an. Ní ọdún 1962, Andrew Sarris gbé èrò náà dé Amẹ́ríkà, ó sì sọ ọ́ di ìlànà tí a fi ń díwọ̀n fíìmù.

A kò ní purọ́ mọ́ wọn: èrò yìí ṣe rere ní àkókò tirẹ̀. Ó jẹ́ kí a mọ̀ pé ẹni tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ní Hollywood ń gbà síṣẹ́ bí alágbàṣe lè ní ojú tirẹ̀, kí ó sì ní ohùn tirẹ̀. Ṣùgbọ́n oògùn tí a lò ju ìwọ̀n lọ a máa di májèlé. Èrò tí ó bẹ̀rẹ̀ nípa bíbéèrè ẹ̀tọ́ fún ẹni kan ti wá di èyí tí ń gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ gbogbo àwọn yòókù. Lára àwọn tí ó sì pàdánù jù lọ ni olótùú, nítorí pé ojú kò rí iṣẹ́ rẹ̀. A ń rí òṣèré, a ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí òǹkọ̀wé kọ, a ń rí ohun tí ayàwòrán yà. Ohun tí olótùú ṣe wà láàárín àwòrán méjì, níbi tí kò sí nǹkan kan.

Ẹni Tí Valdís Jẹ́

Kí á kọ́kọ́ ṣàlàyé orúkọ rẹ̀. Óskarsdóttir kì í ṣe orúkọ ìdílé. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni "ọmọbìnrin Óskar". Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Áísílándì ni kò ní orúkọ ìdílé rárá, orúkọ tí a sọ ènìyàn ni a fi ń pè é, ìbá à jẹ́ olórí ìjọba. Nítorí náà Valdís ni a ó máa pè é, bí wọ́n ti ń ṣe nílẹ̀ rẹ̀.

Ilẹ̀ Áísílándì kéré ní ènìyàn. Àwọn olùgbé rẹ̀ kò tó 400,000 títí di òní. Valdís lọ kọ́ iṣẹ́ olótùú ní ilé-ẹ̀kọ́ fíìmù ti ìjọba ilẹ̀ Dẹ́nmáàkì ní Copenhagen. Láti ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ ti tàn ká. Ní ọdún 1998, òun ni ó tò Festen, tí Thomas Vinterberg darí. Ní ọdún 1999, ó to Mifune tí Søren Kragh-Jacobsen darí, ó sì to Julien Donkey-Boy tí Harmony Korine ti Amẹ́ríkà darí. Ní ọdún 2000, ó to Finding Forrester fún Gus Van Sant. Ní ọdún 2002, ó ṣiṣẹ́ lórí Hafið, fíìmù ilé rẹ̀, tí Baltasar Kormákur darí. Ní ọdún 2004 ni Eternal Sunshine of the Spotless Mind jáde, tí Michel Gondry darí. Ẹni tí ó bá mọ fíìmù ìgbà yẹn yóò mọ̀ pé díẹ̀ nínú àwọn tí a sọ̀rọ̀ nípa wọn jù lọ ni a kà sílẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn tí ó mọ orúkọ gbogbo olùdarí wọ̀nyí léèrè bóyá wọ́n mọ orúkọ olótùú kan ṣoṣo tí ó so wọ́n pọ̀. Ohun tí ẹ ó gbọ́ ni ìdákẹ́jẹ́.

Òwú Kì í Ṣe Aṣọ

Àwọn kan rò pé gígé ohun tí kò dára dànù ni iṣẹ́ olótùú. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, agbẹ́gilére pàápàá kò ṣe ju pé ó ń gé igi dànù lọ. Ohun tí ó ṣẹ́ kù lẹ́yìn gígé ni ère.

Nǹkan mẹ́ta ni olótùú ń ṣe. Èkíní, ó ń yàn: nínú ọ̀pọ̀ wákàtí àwòrán tí a yà, ó ń mú ìwọ̀nba tí òǹwòran yóò rí. Òṣèré lè sọ gbólóhùn kan náà lọ́nà mẹ́wàá. Èyí tí olótùú bá mú ni ó di ìṣeré rẹ̀ títí láé. Èkejì, ó ń tò: ó ń pinnu ohun tí yóò ṣáájú àti ohun tí yóò tẹ̀ lé e. Ẹ̀kẹta, ó ń díwọ̀n: ó ń pinnu bí àwòrán kan yóò ti pẹ́ tó lójú wa kí òmíràn tó gbà á.

Ní nǹkan bí ọdún 1920, ará Rọ́ṣíà kan tí ń jẹ́ Lev Kuleshov ti fi ìdí agbára títò múlẹ̀. Ó mú àwòrán ojú òṣèré kan tí kò rẹ́rìn-ín tí kò sì sunkún, ó fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ọbẹ̀, ó tún fi ojú kan náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí. Ìtàn tí a ń sọ nípa rẹ̀ ni pé àwọn òǹwòran rí ebi lójú ọkùnrin náà níbi ọbẹ̀, wọ́n sì rí ìbànújẹ́ níbi pósí, bẹ́ẹ̀ ojú náà kò yí padà. Ìtumọ̀ kò sí nínú àwòrán kìíní, kò sí nínú èkejì. Ìpàdé àwọn méjèèjì ni ó bí i. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó mú wọn pàdé ha lè jẹ́ ìránṣẹ́ lásán bí?

Festen àti Òfin Kẹwàá

Ní ọdún 1995, Lars von Trier àti Thomas Vinterberg ti ilẹ̀ Dẹ́nmáàkì gbé òfin mẹ́wàá kalẹ̀, wọ́n pe ẹgbẹ́ wọn ní Dogme 95. Wọ́n ní ọwọ́ ni kí a fi gbé kámẹ́rà. Kí a má ṣe gbé iná pàtàkì wá. Ibi tí ìṣẹ̀lẹ̀ wà gan-an ni kí a ti ya fíìmù. Kí a má ṣe ṣe ohùn lọ́tọ̀ kí a sì ṣe àwòrán lọ́tọ̀. Kí a má ṣe fi ọgbọ́n ẹ̀rọ yí àwòrán padà. Òfin kẹwàá ni ó wá jọni lójú jù: wọ́n ní a kò gbọdọ̀ kọ orúkọ olùdarí sára fíìmù.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí àwọn òfin wọ̀nyí ṣe fún olótùú. Nínú fíìmù mìíràn, bí ìsopọ̀ àwòrán méjì bá le, orin ni a fi ń bò ó mọ́lẹ̀. Òfin ohùn gba aṣọ ìbora yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Kámẹ́rà fídíò kékeré tí Anthony Dod Mantle gbé lọ́wọ́ ń mì, iná ilé kò sì dọ́gba láti yàrá dé yàrá. Nínú irú ipò yìí, kò sí ibi tí olótùú lè sá sí. Ìlù inú gígé nìkan ni ó kù tí yóò fi di òǹwòran mú.

Festen dá lórí àsè 60 ọdún bàbá kan tí ń jẹ́ Helge. Ọmọ rẹ̀ Christian dìde láti sọ̀rọ̀ ìkíni, ó sì sọ níwájú gbogbo àlejò pé bàbá yìí a máa fipá bá òun àti ìkejì òun lò nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé. Ìkejì rẹ̀ náà, Linda, ti pa ara rẹ̀. Ohun ẹ̀rù tí ó wà nínú ìran yìí kò mọ sórí ọ̀rọ̀ tí Christian sọ. Ó wà nínú ohun tí ó tẹ̀ lé e: àsè ń bá a lọ. A ń lọ láti ojú àlejò kan dé ojú òmíràn, a sì ń rí àwọn ènìyàn tí ó gbọ́ tí wọ́n sì ń wá ọ̀nà láti dà bí ẹni tí kò gbọ́. Bí ó bá jẹ́ pé a kúrò lójú wọn kíákíá, ìṣẹ̀lẹ̀ lásán ni yóò jẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé a pẹ́ jù, yóò di ìwàásù. Ìwọ̀n tí ó wà láàárín méjèèjì ni ó mú kí ìtìjú náà ran àwa tí ń wòran.

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó ṣẹlẹ̀ rárá, ìran kan ti wà níbi tí a to yàrá mẹ́ta pọ̀: Christian wà nínú ọ̀kan pẹ̀lú Pia ọmọ-ọ̀dọ̀ ilé ìtura náà, àbúrò rẹ̀ Michael ń bá ìyàwó rẹ̀ jà nínú èkejì, Helene arábìnrin wọn sì wà nínú yàrá tí Linda kú sí, ó ń wá ohun tí ó fi pamọ́. A ń lọ, a ń bọ̀ láàárín wọn. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú àwọn yàrá wọ̀nyí tí ó mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú èkejì, ṣùgbọ́n òǹwòran ti mọ̀ pé òkú kan ṣoṣo ni ó wà nínú gbogbo wọn. Kámẹ́rà kò lè ya ìmọ̀ yìí, nítorí pé kámẹ́rà kan kò lè wà ní yàrá mẹ́ta. Títò ni ó dá a.

Festen gba ẹ̀bùn àwọn adájọ́ ní Cannes ní ọdún 1998. A kò kọ orúkọ Vinterberg sára rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùdarí, bí òfin ti wí. Ṣùgbọ́n kí ni ó ṣẹlẹ̀? Gbogbo ayé mọ̀ ọ́n ní olùdarí Festen. Orúkọ tí òfin ní kí a fi pamọ́ ni gbogbo ènìyàn há sórí. Orúkọ olótùú, tí òfin kankan kò dè, ni kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹ̀rí tí ó fi agbára àṣà yìí hàn ju èyí lọ. Àwọn tí wọ́n ṣe òfin náà ní tọkàntọkàn pàápàá kò lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Eternal Sunshine: Ìtàn Tí Ń Rìn Sẹ́yìn

Bí Festen bá fi ìwọ̀n hàn, Eternal Sunshine fi ètò hàn. Joel gbọ́ pé Clementine, olólùfẹ́ rẹ̀ àtijọ́, ti lọ sí ilé-iṣẹ́ kan kí wọ́n nu òun kúrò nínú ìrántí rẹ̀. Ó fi ìbínú lọ ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Ní òru ọjọ́ kan, bí ó ti ń sùn, wọ́n ń nu ìrántí rẹ̀ láti orí èyí tí ó sún mọ́ jù lọ dé orí èyí tí ó jìnnà jù lọ. Nítorí náà, ìjà ni a kọ́kọ́ rí, kí a tó rí ìfẹ́. Ní agbede méjì, Joel yí ọkàn padà, ó ń fa Clementine sá lọ sínú ìrántí tí kò yẹ kí ó wà, títí dé ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọdé lábẹ́ tábìlì ilé ìdáná. Lákòókò kan náà, àwọn òṣìṣẹ́ tí ń nu ìrántí náà ń ṣe tiwọn nínú yàrá rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ti jáde lọ bá Clementine gidi. Èyí tí ó tún wá le jù ni pé ìran tí ó bẹ̀rẹ̀ fíìmù, tí a rò pé òun ni ìpàdé wọn àkọ́kọ́, jẹ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti nu ìrántí àwọn méjèèjì tán.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ti kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìtàn tí ó ń padà sẹ́yìn mọ bí ó ti ń ṣòro tó kí wọn má ṣọnù lójú ìwé. Lójú ìwé, òǹkàwé lè padà sẹ́yìn kí ó tún un kà. Nínú ilé sinimá, kò sí àyè fún un. Àwòrán tí ó ti kọjá ti kọjá. Ẹni tí ó to fíìmù yìí ní láti jẹ́ kí a rú díẹ̀, kí á lè mọ bí ó ti ń rí fún Joel, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jẹ́ kí a sọnù.

A kò sọ pé Valdís nìkan ni ó ṣe é. Charlie Kaufman ni ó kọ eré náà, àwọ̀ irun Clementine tí ń yí padà sì wà lára àmì tí ń sọ ibi tí a dé fún wa. Iṣẹ́ òǹkọ̀wé àti ti àwọn tí ń ṣe òṣèré lọ́ṣọ̀ọ́ ni ìyẹn. Gondry ni ó ronú bí ilé yóò ti máa wó mọ́ Joel lórí. Ellen Kuras ni ó ya àwòrán rẹ̀. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Ṣùgbọ́n bí a bá ka àwọn igi wọ̀nyí tán tí a kò ka Valdís, a kò tíì ka igbó náà. Ní ọdún 2005, àwọn adájọ́ BAFTA ní Bìrìtéènì rí èyí, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn olótùú tí ó pegedé jù lọ. Ní ti Oscar, Kaufman, Gondry àti Pierre Bismuth gba ẹ̀bùn eré tí a kọ. Orúkọ Valdís kò sí láàárín àwọn olótùú tí a dárúkọ fún ẹ̀bùn.

Ẹ̀bùn kan tún wà tí ó fi ọ̀rọ̀ yìí hàn gbangba. Ní ọdún 2010, Submarino, tí Vinterberg darí tí Valdís sì wà lára àwọn tí ó tò ó, gba ẹ̀bùn fíìmù ti Ìgbìmọ̀ àwọn ilẹ̀ Nọ́díìkì. Ìlànà ẹ̀bùn náà ni pé kí a pín in fún olùdarí, òǹkọ̀wé àti olùgbéjáde. Ó dára pé kì í ṣe olùdarí nìkan. Ṣùgbọ́n ta ni ó sọ fún wọn pé ẹni mẹ́ta ni ó ń ṣe fíìmù?

Ohun Tí Àwọn Alátakò Ń Sọ

Ohùn mẹ́ta ni a sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tí ń gbèjà àṣà àtijọ́.

Èkíní, wọ́n ní ohun tí a bá fún olótùú ni ó ń fi ṣiṣẹ́, kò dá nǹkan kan sílẹ̀. Òótọ́ ni pé a fún un. Ahunṣọ náà, ẹlòmíràn ni ó rànwú fún un. Òwú kì í ṣe aṣọ. Olùdarí pàápàá, eré tí a ti kọ ni a fún un, òṣèré tí Ọlọ́run dá ni ó ń darí. Bí gbígba nǹkan lọ́wọ́ ẹlòmíràn bá sọ ènìyàn di ìránṣẹ́, kò sí ọ̀gá nínú iṣẹ́ fíìmù.

Èkejì, wọ́n ní olùdarí ni ó ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ní Hollywood, olówó fíìmù ni ó ń ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn lọ́pọ̀ ìgbà, síbẹ̀ àwọn onílámèyítọ́ kan náà kò pe fíìmù ní ti olówó. Wọ́n mọ̀ nígbà náà pé ọ̀tọ̀ ni àṣẹ, ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́. Kí ni ó wá mú wọn gbàgbé nígbà tí ó kan olótùú?

Ẹ̀kẹta ni ó lágbára jù, a kò sì ní fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Wọ́n ní a kò sí nínú yàrá tí wọ́n ti ń tò ó. A kò lè nàka sí gígé kan kí á ní Valdís ni ó ṣe é, Vinterberg kọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n a kò sí níbẹ̀ nígbà tí òṣèré ń gbọ́ ìmọ̀ràn olùdarí pẹ̀lú. A kò mọ ìṣesí tí ó jẹ́ ti òṣèré àti èyí tí ó jẹ́ ti olùdarí, bẹ́ẹ̀ a ń yin òṣèré lórúkọ. Àìmọ̀ kì í ṣe ìdí tí a ó fi kó gbogbo ogún fún ọmọ kan. Ohun tí ìdájọ́ òdodo wí ni pé kí á pè é ní ti àwọn méjèèjì, títí ẹ̀rí mìíràn yóò fi dé.

A tilẹ̀ ní ìbéèrè láti fi kún un. Nínú àwọn fíìmù Dogme, ìkìíní, ìkẹta àti ìkẹfà ni Festen, Mifune àti Julien Donkey-Boy. Olùdarí mẹ́ta, orílẹ̀-èdè méjì, ìtàn mẹ́ta tí kò jọra, olótùú kan. Nígbà tí a bá rí ohun tí ó jọra nínú wọn, òfin ẹgbẹ́ ni a máa ń tọ́ka sí. Bóyá òfin ni. Ṣùgbọ́n onílámèyítọ́ tí kò tilẹ̀ béèrè bóyá ọwọ́ kan náà ni ó kọjá lára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò tíì ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Bákan náà, Hafið jẹ́ ìtàn bàbá ọlọ́rọ̀ kan ní abúlé apẹja tí ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ wálé, tí àṣírí ilé sì tú. Ẹni tí ó to Festen ni ó tò ó ní ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà. Ìwádìí tí ó dára wà níbẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bẹ̀rù iṣẹ́.

Àwọn kan yóò ní Valdís ti di olùdarí fúnra rẹ̀. Lóòótọ́, ó darí Sveitabrúðkaup ní ọdún 2008, nípa àwọn ará ìgbéyàwó tí bọ́ọ̀sì méjì gbé lọ sí ìgbèríko tí wọn kò rí ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń wá. Ó sì darí Kóngavegur ní ọdún 2010. A yọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n a kọ̀ láti gbà pé ọjọ́ tí ó di olùdarí ni ó di ayàwòrán-sọ̀tàn. Ọdún mẹ́wàá ṣáájú ni Festen.

Ohun Tí Ó Kan Olùkọ́ àti Onídànwò

Kí ni èyí kàn wá sí, àwa tí ń kọ́ni ní lítírésọ̀, àti ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò? Ó kàn wá gidigidi. A ti mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lára láti wá òǹkọ̀wé kan lẹ́yìn iṣẹ́ kan, kí ó sì máa béèrè pé, "Kí ni òǹkọ̀wé ní lọ́kàn?" Nígbà tí ó bá dé orí fíìmù, ìbéèrè náà ni ó ń gbé lọ, ó sì ń fi olùdarí dípò òǹkọ̀wé. Ìdáhùn rẹ̀ yóò dùn ún kà, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ òótọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìbéèrè mẹ́ta mìíràn kọ́ wọn. Kí ni a rí ṣáájú, kí ni a sì rí tẹ̀ lé e? Báwo ni yóò ti rí bí a bá yí ètò náà padà? Orúkọ ta ni a kọ sí abẹ́ iṣẹ́ yìí? Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lè dáhùn méjì àkọ́kọ́ yóò mọ fíìmù. Èyí tí ó bá rántí ẹ̀kẹta yóò mọ ìwà ọmọlúàbí pẹ̀lú. Ẹ̀yin tí ẹ ń yẹ ìwé ìdánwò wò, bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá kọ ọ́ pé olótùú ni ó fún ìran kan ní agbára, ẹ má ṣe fi gègé pupa sí i. Ẹ béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹ ti ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó yin olùdarí.

Kí á má ṣe ti inú àṣejù kan bọ́ sínú òmíràn. A kò ní kí a lé Vinterberg sọ̀kalẹ̀ kí á gbé Valdís gun àga rẹ̀. Àga fún ẹnì kan ṣoṣo gan-an ni a ń bá jà. Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀, kò sì ní ju ìlà kan lọ lójú ìwé: Festen, 1998, Thomas Vinterberg ni ó darí rẹ̀, Anthony Dod Mantle ni ó ya àwòrán rẹ̀, Valdís Óskarsdóttir ni ó tò ó.